"Ọdọọdún": báwo la ṣe ń kọ ọ́, kí ló sì túmọ̀ sí gan-an? Ọ̀rọ̀ ti dìjà nínú ẹgbẹ́ ìlú wa

Akọ̀wéÌlú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì. Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. Mi ò ní dárúkọ ìlú, torí ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná nílé.

Lọ́dún yìí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Ọjọ́ Ìlú. A ò ṣe irú rẹ̀ rí. Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé láti ìsinsìnyí lọ, a ó máa ṣe é nínú oṣù kejìlá, nígbà tí àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi bá wálé. Ohun tí wọ́n fún mi pé kí n gbé lọ fún atẹ̀wé rè é: "ỌJỌ́ ÌLÚ ỌDỌDÚN ÀKỌ́KỌ́, TÍ YÓÒ MÁA WÁYÉ NÍ LỌ́DỌDÚN." Etí mi kò gbà á. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nípàdé, wọ́n ní ṣé èmi nìkan ni mo gbọ́ Yorùbá ni.

Ìkejì wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ẹgbẹ́ wa sọ pé: "Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò san náírà 12,000 ní ọdọọdún." Arákùnrin kan wọ ẹgbẹ́ ní oṣù kọkànlá èṣí, ó sì sanwó lọ́jọ́ náà gan-an. Oṣù kìíní dé, akápò ní kó san ti ọdún tuntun. Ó ní ọdún òun kò tíì pé. Akápò ní ọdún ti yí. Ọ̀rọ̀ kan náà, "ọdọọdún", làwọn méjèèjì ń nawọ́ sí. Ta ló jàre?

Ọjọ́bọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Atẹ̀wéAdó
Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, nítorí náà ti pátákó ni mo lè sọ. Ẹ kọ ọ́ báyìí: ọdọọdún. Ọ mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé "dún". Bí àwọn oníbàárà ṣe ń gbé e wá kì í jọra: ọdọdún, ọdọ́ọdún, ọdọ̀ọ̀dún. Mo máa ń pè wọ́n kí n tó tẹ̀ ẹ́, torí bí páálí bá ti kúrò lórí ẹ̀rọ, kò sí àtúnṣe mọ́, owó ti lọ nìyẹn.

Ẹ sì yọ "ní" tó ṣáájú "lọ́dọọdún" kúrò. "Ní" ti wà nínú "l" yẹn tẹ́lẹ̀.

TíṣàÌkẹ́rẹ́
Atẹ̀wé, ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ kó lè yé akọ̀wé tó bá tún dojú kọ ìgbìmọ̀.

Yorùbá ní ọ̀nà kan tí a fi ń sọ pé nǹkan ń padà wá láìfo ìgbà kankan. A ó mú fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, a ó fi kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ àkọ́kọ́ tẹ̀ lé e, a ó tún fáwẹ̀lì yẹn pè, lẹ́yìn náà a ó wá gbé odindi ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Oṣù: o-ṣ-o, oṣù: oṣooṣù. Ọ̀sẹ̀: ọ̀-s-ọ̀, ọ̀sẹ̀: ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Alẹ́: alaalẹ́. Ojúmọ́: ojoojúmọ́. Ọdún: ọ-d-ọ, ọdún: ọdọọdún. Bí ẹ bá kọ "ọdọdún", sílébù kan ti sọnù. Ẹ fi ohùn dán an wò: re-re-re-mí. Mẹ́rin ni. Kò sí ẹni tó ń pè é ní re-re-mí, bó ti wù kó yára tó.

Ti "lọ́dọọdún": ní + ọdọọdún ló di lọ́dọọdún. "N" di "l" torí fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e kì í ṣe "i", ohùn òkè tó wà lórí "ní" sì bọ́ sórí ọ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí àmì fi wà lórí ọ kìíní nìkan. "Ní ọdọọdún" dára, "lọ́dọọdún" dára, "ní lọ́dọọdún" kò dára. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe orúkọ fún irú nǹkan tó jẹ́, ẹ lè sọ pé "ìpàdé ọlọ́dọọdún". Oní + ọdọọdún ni ìyẹn.

Ohun mìíràn tí mo rí nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: wọ́n á kọ "a ṣe é lọ́dọọdún". "Lọ́dọọdún" ń fẹ́ "ń", "máa ń" tàbí "yóò máa" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: a máa ń ṣe é lọ́dọọdún, a ó máa ṣe é lọ́dọọdún. Nǹkan tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan péré kò lè jẹ́ ti ọdọọdún.

BàbáÌjerò
Tíṣà, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n má pe "ọdọdún" ní ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí èmi wà nílé ẹ̀kọ́, ọ̀ kan ṣoṣo la máa ń kọ, a ó wá fi àmì kan tó tẹ̀ kọrọdọ sórí rẹ̀ láti fi hàn pé ó gùn. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń kọ Ọ̀ọ̀ni àti lóòótọ́. Ìwé orin àti Bíbélì ilé mi ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ̀ kan lè jẹ́ pé ibi tó ti kọ́ ọ nìyẹn.

TíṣàÌkẹ́rẹ́
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni, àmì yẹn wà nígbà náà. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ló ní kí a máa kọ fáwẹ̀lì tó bá gùn ní méjì, òun náà ló sọ "aiye" di "ayé" àti "enia" di "ènìyàn". Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn èèyàn gbàgbé àmì, wọn kò sì fi fáwẹ̀lì kejì rọ́pò rẹ̀. Fún pátákó tí ọmọdé ìlú máa kà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká kọ ti òde òní.

ỌmọÈkìtìLọ́ńdọ̀nù
Mo ka gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kan "ọdọọdún àkọ́kọ́". Níbí, wọ́n máa ń kọ irú rẹ̀ sórí ìwé ìkéde lójoojúmọ́ ayé, mi ò sì rí aburú níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ti pinnu pé yóò máa wáyé lọ́dọọdún, èyí sì ni àkọ́kọ́ rẹ̀. Kí ló burú?

TíṣàÌkẹ́rẹ́
Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló gbé yín débẹ̀, arákùnrin mi. Kí nǹkan tó jẹ́ ti ọdọọdún, ó gbọ́dọ̀ ti wá, kó tún wá. Níbí ní Ìkẹ́rẹ́, bí a bá pe ọdún Olósunta, òkè ìlú wa, ní ọdọọdún, ohun tí a ń sọ ni pé àwọn baba wa bá a láyé, àwa náà bá a, òkè náà sì wà níwájú wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni Udíròkò ní Adó. Ẹ kò lè gbé orúkọ yẹn wọ ohun tí a kò tíì rí.

ÌyáOníṣọ̀ọ̀bù
Èmi kò fara mọ́ tíṣà pátápátá. Mo bí ọmọ, mo sọ fún ọkọ mi pé lọ́dọọdún la ó máa ṣe ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ọmọ ò tíì pé ọdún kan tí mo sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ mi sì yé e. "A ó máa" ni mo lò, kò sì sí àṣìsọ nínú rẹ̀.

TíṣàÌkẹ́rẹ́
Ẹ ṣeun mà. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn tọ́ púpọ̀, ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ. "A ó máa ṣe é lọ́dọọdún" jẹ́ ìlérí, ẹnu gbà á. "Ọjọ́ Ìlú ọdọọdún" jẹ́ oríkì, ó ní ohun tó ti ṣe kó tó gba oríkì yẹn. Akọ̀wé lè fi ìlérí sórí pátákó lọ́dún yìí, kó gba oríkì lọ́dún mìíràn.

Àgbẹ̀Ọ̀mùò
Ẹ kú àtàárọ̀ o. Oko ni mo ti ń bọ̀ ni mo fi ń pẹ́ẹ́ dáhùn.

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí, ẹnu àwọn àgbà ni kí ẹ ti gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń wúre, wọ́n á ní: ọdọọdún là ń rórógbó, ọdọọdún là ń ráwùsá, ọdọọdún là ń rómọ obì lórí àtẹ. Ẹ wo bí àdúrà yẹn ṣe jinlẹ̀ tó. Kò sọ ọjọ́, kò sọ oṣù. Ó ní a kò ní wá wọn tì, bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe wá ẹ̀yin náà tì.

Àwọn mẹ́ta yẹn kò sì rí bákan náà. Orógbó àti obì, bí wọ́n bá tọ́jú wọn dáadáa, ẹ óò rí wọn lórí àtẹ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò lórí igi. Awùsá kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà òjò ló ń dé, wọ́n á sè é pẹ̀lú èèpo, ẹ óò fọ́ ọ, ẹ óò jẹ ẹ́, bí ẹ bá sì mu omi lé e, ẹnu yín á korò. Tí àsìkò rẹ̀ bá kọjá, ó di àmọ́dún. Síbẹ̀ ẹnu kan náà ni wọ́n fi ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, ti èmi, "ọdọọdún" kò ní í ṣe pẹ̀lú déètì. Ó kàn ní kò ní pa ọdún kankan jẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jà lórí owó ẹgbẹ́, ẹ wo ìṣákọ́lẹ̀. Ọdọọdún la máa ń san án fún onílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí onílẹ̀ tó mọ nǹkan tó ń ṣe tó máa wá bá yín ní oṣù kìíní pé ọdún ti yí. Ìgbà tí ẹ bá ti tà kòkó ni. Láti ìkórè sí ìkórè ni ọdún ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tó gba ilẹ̀ ní àárín ìgbà, ìkórè tó kọ́kọ́ ṣe ni wọ́n máa ń retí lọ́wọ́ rẹ̀.

Àlájà_Adó
Àgbẹ̀, Ọlọ́run á bù sí oko yín. Ohun tí ẹ sọ nípa déètì yẹn, àwa Mùsùlùmí mọ̀ ọ́n dáadáa. Iléyá ọdọọdún ni. Ìtúnu Ààwẹ̀ ọdọọdún ni. Ṣùgbọ́n ọdún òṣùpá ni a fi ń kà wọ́n, ọjọ́ 354 tàbí 355 ló sì jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá síwájú lórí kàlẹ́ńdà ògiri lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2000, a ṣe Ìtúnu Ààwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan ní oṣù kìíní, èkejì ní òpin oṣù kejìlá. Kò sẹ́ni tó ní ó ti kọjá ti ọdọọdún. Ọdún tiwa ló yí po, kàlẹ́ńdà ògiri ni kò tíì yí.

Ìbéèrè tó yẹ kí akọ̀wé kọ́kọ́ bi wọ́n nìyí: ọdún ti ta ni? Ti January ni, ti Hijra ni, ti kòkó ni, àbí ti ọjọ́ tí èèyàn wọlé? Àwọn ọmọ iléèwé náà ní tiwọn, oṣù kẹsàn-án ló bẹ̀rẹ̀.

ỌmọÈkìtìLọ́ńdọ̀nù
Alhaja, ẹ jàre. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà arákùnrin tó wọlé ní oṣù kọkànlá. Owó ọdún kan ló san. Oṣù méjì péré ló fi jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ní kó tún san 12,000. Tó bá jẹ́ ilé ló háyà ní oṣù kọkànlá, ṣé lọ́ọ̀dù á wá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kìíní? Ọdún rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé.

BàbáÌjerò
Ẹgbẹ́ kì í ṣe ilé àháyà, ọmọ mi. Bí olúkúlùkù bá ń ka ọdún tirẹ̀, báwo ni akápò ṣe máa mọ ẹni tó jẹ gbèsè? Nínú ẹgbẹ́ tí èmi bá àwọn bàbá mi, ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn máa ń san owó ìwọlé, ọdún tó bá sì yí, òun àti gbogbo èèyàn jọ bẹ̀rẹ̀ ni. A kì í fi oṣù pín in.

Lọ́yàỌ̀yẹ́
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí iṣẹ́ mi ni ìwé òfin.

Akápò kò purọ́, arákùnrin yẹn náà kò purọ́. "Lọ́dọọdún" sọ pé sísan náà yóò máa padà wá ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Kò sọ ìgbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀. Ìwé òfin ló yẹ kó sọ ọ́, kò sì sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ ìwé bá ṣókùnkùn báyìí níwájú adájọ́, ẹni tó kọ ọ́ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ kó ru ẹrù rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ lẹ kọ ọ́. Bí mo bá jẹ́ yín, mi ò ní bá arákùnrin yẹn jà fún ti ọdún yìí. Ẹ gba ohun tó sọ, kí ẹ tún òfin ṣe kó má baà ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ohun méjì ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ nínú gbólóhùn yẹn. "Lọ́dún" ń sọ iye: náírà 12,000 lọ́dún. "Lọ́dọọdún" ń sọ bó ṣe ń padà wá: a ó máa san án lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹgbẹ́ tí mo ti rí máa ń fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹ kọ iye, ẹ kọ ìgbà tí ọdún ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, kí ẹ wá kọ ọjọ́ tí sísan kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹni tó bá wọlé láàárín ọdún, ẹ lè ní kó san 1,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó kù. Ẹni tó wọlé ní oṣù kọkànlá á san 2,000, ní oṣù kìíní á wá bá gbogbo èèyàn san 12,000. Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí a fi oṣù pín in, ṣùgbọ́n ó máa ń pa ẹnu mọ́.

Ẹ má sì lo "ní gbogbo ọdún" dípò "lọ́dọọdún" nínú òfin. "Gbogbo ọdún" lè jẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan, ó sì lè jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé ìparí rẹ̀. "Òjò ń rọ̀ ní gbogbo ọdún": èwo nínú méjèèjì? "Òjò ń rọ̀ lọ́dọọdún": kò sí ìyàn jíjà níbẹ̀.

BàbáÌjerò
Lọ́yà, mo gbọ́. Bí ẹ bá ti ní owó ìwọlé lọ́tọ̀, èmi ò ní bá a yín jà lórí oṣù.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kìlọ̀ fún akọ̀wé lórí ohun tí kò bèèrè. Wo ibi tí òfin yín ti sọ̀rọ̀ ìdìbò. Tó bá jẹ́ "ọdún mẹ́ta-mẹ́ta" ló wà níbẹ̀, ìjà tó ju ti owó lọ ń bọ̀.

Àwa àgbà máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e la ń sọ ọ́ lórúkọ, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Ọjà ọrọọrún tí a ná lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì la óò tún ná an: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Ìtàdógún, mẹ́tàdínlógún ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ọdún kò yàtọ̀. Ọdún yìí, èṣí, ìdúnta: "ta" tó wà nínú ìdúnta, ẹ̀ta ni, ọdún yìí gan-an ni ìkínní rẹ̀. Nítorí náà, bí àgbàlagbà bá sọ fún yín pé orò kan, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni, tí wọ́n bá ṣe é ní 2020, 2022 ni wọ́n ń retí rẹ̀, lẹ́yìn náà 2024.

ỌmọÈkìtìLọ́ńdọ̀nù
Bàbá, ẹ forí jì mí, ṣùgbọ́n èyí ya mí lẹ́nu. Ìdìbò gómìnà Èkìtì, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin la ń pè é. 2014, 2018, 2022. Tí a bá kà á bí ẹ ṣe sọ, 2017 ni ì bá jẹ́.

BàbáÌjerò
Ìyẹn, ìwé òfin ìjọba ló gbé e wá, a wá fi Yorùbá pè é. Mi ò ní kò dára. Mo ní oríṣi ìkà méjì ló wà nílẹ̀, inú ẹgbẹ́ kan náà sì ni àwọn tó ń lo méjèèjì máa jókòó sí. Ọmọdé inú ẹgbẹ́ á ní tí a bá dìbò ní 2023, ó di 2026. Àgbà á dìde, á ní 2025 ni. Kò sí ẹni tó fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ níbẹ̀.

TíṣàÌkẹ́rẹ́
Bàbá, ẹ ti kọ́ mi ní nǹkan lónìí nípa "ìdúnta". Màá mú un wọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n mo rò pé àwọn tó ṣì ń fi ìkà àtijọ́ ka ọdún kò pọ̀ mọ́. Ti ọjọ́ ló ṣì lágbára, torí ìsọmọlórúkọ àti ọjà. Ọmọ tó wà ní kíláàsì mi, tí ẹ bá sọ pé "ọdún méjì-méjì", á fo ọdún kan, kò ní ka èyí tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Tí a bá fi ìkà ti Bàbá kà á, "ọdún méjì-méjì" á di ọdọọdún nìyẹn!

Lọ́yàỌ̀yẹ́
Tíṣà, ibi tí ẹ kádìí rẹ̀ sí yẹn gan-an ló fi hàn pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀ láìṣàlàyé. Akọ̀wé, ẹ kọ ọdún gan-an sínú òfin. "Ìdìbò tó kàn yóò wáyé ní 2026, lẹ́yìn náà 2029, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa lọ." Àgbà kà á, ọmọdé kà á, nǹkan kan náà ni wọ́n rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpàdé. Tí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, "ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún" tàbí "oṣù mẹ́fà-mẹ́fà" ni kí ẹ kọ. Mo ti rí ìwé ẹgbẹ́ kan tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì. Ìpàdé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló wà nínú ti àkọ́kọ́, Yorùbá rẹ̀ sì ní "ọdún méjì-méjì". Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò gbúròó ìṣirò owó fún ìgbà pípẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ kan yẹn.

ÌyáOníṣọ̀ọ̀bù
Háà! Owó àwọn èèyàn!

Ẹ jọ̀ọ́, kí n béèrè ti nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa kọ sórí pátákó lámọ̀ọ́dún. Tí ti ọdún yìí bá jẹ́ àkọ́kọ́, ti àmọ́dún á jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni Ọjọ́ Ìlú máa pé nígbà náà. Mo mọ ìjọ kan tí wọ́n ti bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ lórí èyí.

Àlájà_Adó
Ọ̀tọ̀ ni "ẹlẹ́ẹ̀kejì", ọ̀tọ̀ ni "ó pé". Ẹ wo ìpínlẹ̀ wa. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996 ni wọ́n dá Èkìtì sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2021, ó pé ọdún 25. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ló wọ ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá kọ "ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n" fún ohun tó ti pé ọdún 25 ti fi ọdún kan dín in kù. Ti àjọ̀dún tí ẹ ń ṣe, iye ìgbà tí ẹ ti ṣe é ni kí ẹ kà. Ti ọjọ́ orí ẹgbẹ́, iye ọdún tó ti pé ni. Kí ẹ má kọ méjèèjì sójú kan, ojú àwọn èèyàn á rú.

Akọ̀wéÌlú
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti wo òfin wa bí Bàbá ṣe ní kí n wò ó. "Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta" ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì sí ọdún kankan lẹ́yìn rẹ̀. Màá gbé e lọ ìpàdé.

Ohun tí mo kọ fún pátákó nìyí: "ỌJỌ́ ÌLÚ: ÀKỌ́KỌ́ IRÚ RẸ̀. A Ó MÁA ṢE É LỌ́DỌỌDÚN NÍNÚ OṢÙ KEJÌLÁ."

Ti òfin nìyí: "Owó ẹgbẹ́ jẹ́ náírà 12,000 lọ́dún. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa san án lọ́dọọdún. Ọdún ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ó sì parí ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá. Ẹni tó bá wọlé láàárín ọdún yóò san náírà 1,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó kù nínú ọdún náà."

Ti arákùnrin yẹn, mo ti bá akápò sọ̀rọ̀. Kò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n ó ní kí n ka ohun tí lọ́yà sọ fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́yàỌ̀yẹ́
Ó dára. Ẹ fi ọjọ́ tí sísan kò gbọ́dọ̀ kọjá kún un, bí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Kí ẹ sì kọ bóyá oṣù tí èèyàn wọlé gan-an wà lára "oṣù tó kù" àbí kò sí, torí ìkà Bàbá tún ń dúró níbẹ̀.

BàbáÌjerò
Ó wà lára rẹ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Atẹ̀wéAdó
Akọ̀wé, kí ẹ fi gbogbo àmì ohùn sí i kí ẹ tó fi ránṣẹ́ o, àti àmì ìsàlẹ̀ ọ, ẹ àti ṣ. Tí ẹ bá fi fóònù kọ ọ́, àwọn kan máa ń já bọ́ lójú ọ̀nà. Ẹ tún kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn, kí n lè fi wé e.